Páìpù Irin Ọba Ìgbólékè

Ọ̀pá àṣẹ Ọba Ìgbólékè ní Houston, páìpù irin ni. Ọba náà fúnra rẹ̀ ló gé e ní Baytown, níbi tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn wẹ́dà. Ó kùn ún ní ọ̀dà wúrà, ó sì fi ìlẹ̀kẹ̀ wé e yíká. Bí oòrùn bá bà á, á máa dán yanran. Bí òun náà bá ba èèyàn lórí, olúwarẹ̀ kò ní rántí orúkọ ìyá rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Olúrótìmí ni orúkọ ọba yìí. Ẹ má wulẹ̀ dààmú láti wá ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí níbẹ̀. Ìgbólékè wà nílé lọ́hùn-ún, ó sì ní ọba tirẹ̀ tí ó jókòó jẹ́jẹ́ sí ààfin. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìgbólékè tí ó wà ní Houston ṣe ìpàdé lọ́jọ́ kan, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Àwọn ará ìlú kejì ti fi ọba jẹ níbí. Àwa náà fẹ́ ọba bíi tiwọn. Àbí ọmọ àlè ni wá ni?"

Lérè apòògùn, ọ̀rẹ́ Rótìmí láti ilé-ìwé, dìde. Ó ní, "Ẹ rọra o. Báyìí gan-an ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe lọ bá Sámúẹ́lì, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ọba bíi ti àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Wòlíì náà sọ fún wọn pé ọba tí ẹ ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí yóò gba ọmọ yín, yóò gba oko yín, ẹ̀yin fúnra yín yóò di ẹrú rẹ̀. Ẹ óò ké, ẹ kò sì ní rí ẹni gbọ́."

Wọ́n ní, "Lérè, o tún ti bẹ̀rẹ̀ Sunday School. Jókòó jàre!"

Wọ́n bá fi Rótìmí jẹ, nítorí pé ohùn rẹ̀ le, apá rẹ̀ sì nípọn bí ọmọ odó. Adé tí wọ́n rà fún un lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kéré sí orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi agídí tẹ̀ ẹ́ wọlé. Láti ọjọ́ náà ni ara kò ti rọ ẹnikẹ́ni.

Akápò ẹgbẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, eyín méjì ló bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Houston níbí kí i pé "Hi, sir," kò dọ̀bálẹ̀. Fún odidi oṣù kan, ọbẹ̀ olómi nìkan ni ọmọ náà ń fi sítúrọ̀ mu, nítorí páìpù ti fọ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kò sí ọlọ́pàá ní Houston ni? Wọ́n wà. Àwọn ará Ìgbólékè ni kò pè wọ́n. Wọ́n ní òwe kan tí wọ́n fi ń dí ara wọn lẹ́nu: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé ni, ilé la ó ti parí rẹ̀. Doyinsọ́lá, akọ̀wé ẹgbẹ́, nọ́ọ̀sì ni. Òun ló máa ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ẹni tí ọba bá lù, òun náà ló sì ń kọ́ onítọ̀hún ní ohun tí yóò sọ ní ọsibítù.

"Tí dókítà bá bi yín, balùwẹ̀ lẹ ti ṣubú. Ẹ gbọ́? Ẹ ṣubú ni."

Nígbà tó yá, dókítà kan wo ẹni tí wọ́n gbé dé, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, irú ọṣẹ wo gan-an ni àwọn ará ìlú yín fi ń wẹ̀?"

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ó tó ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ dá a dúró ná, nítorí Mọ́pẹ́ ìyàwó ọba.

Mọ́pẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní daycare kan nítòsí ilé wọn ní Mission Bend. Ọjọ́ tí ó bi ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ ń fi fóònù sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n gbé oúnjẹ wá?" Rótìmí di ọwọ́ rẹ̀ òsì mú, ó sì yí i bí ẹni yí ìdérí ìgò. Egungun ọwọ́ náà dún. Kò tilẹ̀ dá fóònù dúró. Ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ni, ìyàwó sì wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́pẹ́ sọ fún àwọn ará daycare pé balùwẹ̀ ló yọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ pàdé nínú gbọ̀ngán tí wọ́n máa ń háyà. Ọba wọlé, gbogbo ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà lórí ìdúró láàárín wọn bí ọ̀pẹ láàárín oko ẹ̀pà. Lérè ni.

"Rótìmí, ọ̀rẹ́ mi," ni Lérè wí, "mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú rẹ."

"Ta ni Rótìmí? Kábíyèsí ni kí o pè mí!"

"Rótìmí tí a jọ jí ọsàn píríńsípà ká ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ lo gun igi, èmi ni mo ń ṣọ́nà. Wò ó, ìyàwó rẹ jókòó sẹ́yìn yẹn pẹ̀lú báńdéèjì. Ó ní òun ṣubú. Àgbàlagbà ni mí, mo mọ ìṣubú, mo sì mọ lílù. Ìwọ lo ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́."

Mọ́pẹ́ tẹrí mọ́ itan rẹ̀.

Rótìmí gbé páìpù lé èjìká. "Lérè, ọba kì í jẹ́jọ́."

"Ọba ibo? Nínú òfin Mósè, bí ọba bá gun orí ìtẹ́, ogun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ rán an. Wọ́n ní kó mú kálámù, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da òfin Ọlọ́run kọ níwájú àwọn àlùfáà, kó máa kà á ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Wọ́n ní kó má kó ẹṣin jọ, kó má kó obìnrin jọ, kó má kó wúrà jọ. Nítorí kí ni? Kí ọkàn rẹ̀ má baà ga ju ti àwọn arákùnrin rẹ̀ lọ. Òfin ló jọba lórí ọba."

"Júù nìyẹn! Èmi, ọmọ Ìgbólékè ni mí."

"Kódà ẹni tí ó jẹ̀bi, tí adájọ́ ní kí wọ́n nà lẹ́gba, Mósè fi òpin sí ẹgba rẹ̀, kí arákùnrin rẹ má baà di ẹni ẹ̀gàn lójú rẹ. Ó ṣì ń pè é ní arákùnrin níbi tó dọ̀bálẹ̀ gba ẹgba! Ẹgba tìrẹ dà, Rótìmí? Níbo ló ń parí sí?"

"Mo ní ọmọ Ìgbólékè ni mí! Ọba wa kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni!"

"Irọ́ ńlá. Nílé wa náà, ọba tó bá ya ìkà, àwọn ìjòyè á kàn kí i pé ó dàárọ̀, kò sì ní rí àárọ̀ náà. O kò mọ ti Mósè, o kò mọ ti bàbá rẹ. Adé íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan lo mọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. A kò mọ ẹni náà títí di òní, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́wọ́. Ẹ̀rín kékeré ni, bí ìgbà tí èèyàn sín. Òun ló fọ́ Lérè lórí.

Páìpù kọ́kọ́ bà á ní èjìká, egungun sì sọ pé "kà!" gbogbo wọn gbọ́ ọ. Lérè kò tíì ké tán tí èkejì fi bọ́ sí agbárí rẹ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ mú, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gba abẹ́ àga lọ, ó ń wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn.

Ni gbọ̀ngán bá dàrú. Ọkùnrin kan gbé àga láti fi gba Lérè sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni àga náà bà nímú. Àbúrò kò bèèrè ẹjọ́, ó bu ẹ̀gbọ́n jẹ létí. Àwọn tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lu àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Bàbá àgbà kan sọ ìgò málútà mọ́ ọba, ó kù díẹ̀ kó bá a. Ọba fẹ́sẹ̀ gbá bàbá náà níkùn, bàbá sì kó sínú tábìlì àwọn olùgbàlejò. Mọ́pẹ́ ń fi ọwọ́ kan tó kù fún un fa ẹsẹ̀ Lérè kúrò láàárín ìtẹ̀mọ́lẹ̀.

"Ó tó!" ni Rótìmí ké. Wọ́n dákẹ́. Ó nu ẹnu rẹ̀. "Doyinsọ́lá, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ."

Wọ́n gbé Lérè jáde. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọba ṣe? Ó pàṣẹ kí ìpàdé máa bá a lọ. Wọ́n ju táwẹ̀lì sórí ẹ̀jẹ̀, wọ́n tún àga tò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jíròrò lórí ìrìn-àjò ìgbafẹ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ ní òun fara mọ́ àbá náà.

Nígbà tí wọ́n túká, Rótìmí lọ sí ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà, ó ń fi omi inú ike fọ páìpù. Ẹ̀jẹ̀ ara irin ṣí, ti inú ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Fóònù rẹ̀ dún.

"Kábíyèsí," ni Doyinsọ́lá wí, "Bùrọ̀dá Lérè ti lajú. Mo sọ fún wọn létí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó sì ti ní òun ṣubú?"

Doyinsọ́lá tún ní, "Mo sọ fún wọn, Kábíyèsí."

"Doyin! Kí ni ọkùnrin yẹn sọ?"

"Kábíyèsí, wọ́n ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní, 'Rótìmí ni ó fi irin lù mí, mo sì dárí jì í.' Gbogbo ẹ̀ tán ni wọ́n sọ fún dókítà. Orí wọn ti là, wọ́n ń gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ báyìí. Kábíyèsí? Ẹ ń gbọ́ mi?"

Kò gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti yà wọlé.

Wọ́n ní kó ju irin sílẹ̀, ó jù ú. Wọ́n ní kó ṣí fìlà. Fìlà kọ́, adé ni, kò sì ṣeé ṣí. Ó ti há. Ọlọ́pàá kan fa iwájú, èkejì fa ẹ̀yìn, ọba ń ké "Yéè!" láàárín wọn. Nígbà tí ó já kúrò, awọ iwájú orí rẹ̀ bá a lọ díẹ̀. Wọ́n fi adé sínú ọ̀rá, wọ́n kọ nǹkan sí i lára, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ olórí òfo.

Adájọ́ kọ̀ láti gba onídùúró fún un, nítorí a kò tíì mọ̀ bóyá Lérè á kú tàbí yóò yè. Wọ́n jù ú sí àtìmọ́lé.

Nínú yàrá tí wọ́n fi í sí, ọba kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Zion ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gun òkè náà lọ jọ́sìn. Zion ló ń sọ ẹni tí yóò jẹun àti ẹni tí kò ní jẹ. Wọ́n ti sọ fún un pé ọba kan ń bọ̀ láti Áfíríkà.

"Ìwọ ni ọba?"

Rótìmí na àyà. "Èmi ni."

Zion kò gbọ́ òwe wa pé ọba méjì kì í gbé ààfin kan, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ wà ní ìkúùkù rẹ̀. Ìkúùkù àkọ́kọ́ kó eyín iwájú Rótìmí sínú ọ̀fun rẹ̀. Rótìmí tiraka, ó fi orí kàn án, ó fi èékánná ha á lápá. Zion rẹ́rìn-ín, ó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì ń gbá a mọ́ ògiri bí obìnrin tí ń gbọn ẹní. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀, ìhà ọba ti kán. Àwọn yòókù kàn ń wo ilẹ̀. Ìlànà ibẹ̀ ni: ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan.

Ọ̀gá wọ́dà wọlé, ó wo ẹ̀jẹ̀ lára ògiri. "Kí ló ṣe ọ́?"

Zion ń wò ó. Rótìmí la ẹnu tí kò léyín mọ́, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń sọ pé, "Mo ṣubú ní balùwẹ̀."

Ha! Ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò sùn. Ojú akápò ń kọjá níwájú rẹ̀. Ojú ọmọ tó mu ọbẹ̀ fún oṣù kan ń kọjá. Mọ́pẹ́ dúró níwájú àwọn ará daycare, ó ń fi ẹ̀rín músẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń fi ẹnu èèyàn ṣe. Ó fẹ́ sunkún, ìhà rẹ̀ tó kán kò jẹ́.

Ṣé ó ronú pìwà dà? Ẹ má kánjú. Ìyà kì í yí ọkàn padà fúnra rẹ̀, ó kàn lè pa ẹni lẹ́nu mọ́. Nígbà tí Olivia, lọ́yà rẹ̀, wá sọ fún un pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tò wá sí ọ́fíìsì òun, tí wọ́n ní Lérè ló kọ́kọ́ gbé ìgò, inú Rótìmí dùn. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Olivia kò mọ̀. Doyinsọ́lá ló kó ẹnu wọn jọ, gbogbo wọn sì ti múra láti búra.

Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé, wọ́n ní àlejò dé. Rótìmí jókòó síwájú gíláàsì, ó gbé tẹlifóònù. Lérè ló jókòó ní òdìkejì. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ gùn láti iwájú dé ìpàkọ́ bíi síìpù báàgì. Apá rẹ̀ wà nínú aṣọ ìgbékọ́.

"Rótìmí, eyín rẹ dà?"

"Orí tìẹ ńkọ́?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, ó sì dùn wọ́n. Lérè di orí mú, Rótìmí di ìhà mú.

Rótìmí ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Ọ̀rẹ́ ni wá, Lérè. Kí ló dé tí o fi dárúkọ mi?"

"Nítorí pé ọ̀rẹ́ ni wá ni. Tí mo bá ní mo ṣubú, Mọ́pẹ́ ni yóò ṣubú tẹ̀ lé mi, kò sì ní dìde mọ́. Ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ní o ti dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí wọ́n tó la orí mi. Ṣùgbọ́n ìdáríjì kì í ṣe irọ́ pípa, ọ̀rẹ́ mi. N kò ní yí ẹ̀rí mi padà."

"Kò burú. Ẹnu ẹnì kan ni tìẹ. Tèmi kún gbọ̀ngán."

Lérè mí kanlẹ̀. "Mo ti gbọ́. Ní Ísírẹ́lì, ẹlẹ́rìí kan kò tó pa ẹnikẹ́ni. Méjì, mẹ́ta ni òfin ń bèèrè, adájọ́ a sì tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ojú ẹni ńlá, kò gbọdọ̀ tìtorí àánú gbè sẹ́yìn tálákà. Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bá rí i pé ó purọ́, ibi tó wá fún ẹlòmíràn ni wọn yóò dà lé òun lórí."

"Ta ló wá lè dúró níwájú irú òfin bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí. Èmi kò lè dúró, ìwọ kò lè dúró, Dáfídì ọba gan-an kò lè dúró. Ó pa ọkọ, ó gba ìyàwó, ó rò pé ó tán. Nátánì wòlíì kò mú idà dání wọlé, ó nawọ́ sí i ni: ìwọ ni ọkùnrin náà. Ọba tó lè bẹ́ orí rẹ̀ sì dáhùn pé òun ti ṣẹ̀."

Rótìmí ń wo tábìlì.

"Rótìmí, Ọba kan ṣoṣo wà tí òfin kò rí nǹkan kan sọ sí lára. Jésù ni. Wọ́n kó ẹlẹ́rìí èké ti Ọba náà, ọ̀rọ̀ wọn kò tilẹ̀ bára mu. Wọ́n fi ẹ̀gún hun adé fún un, wọ́n fi ọ̀pá sí i lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gba ọ̀pá náà, wọ́n ń fi lù ú lórí. Ṣé o gbọ́? Lórí. Kò bú wọn padà, kò gbẹ̀san. Ẹ̀bi wa ló ń rù lọ sórí igi. Ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n fi pa Ọba tí kò jẹ̀bi. Ìwọ tí o jẹ̀bi, ẹlẹ́rìí èké lo fẹ́ fi yè."

Rótìmí fò dìde. Ó gbé tẹlifóònù, ó sì ń fi lu gíláàsì. "Kúrò níwájú mi! Kúrò! Ǹ bá ti pa ọ́!" Gíláàsì kò fọ́. Tẹlifóònù ló fọ́. Àwọn wọ́dà fò mọ́ ọn, wọ́n tẹ ojú rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, orúnkún ẹnì kan wà lọ́rùn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí Lérè tí kò sá. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ẹni tí ó fọ́ lórí ń sunkún nítorí rẹ̀! Ohun tí páìpù kò lè ṣe, tí Zion kò lè ṣe, omi ojú yẹn ṣe é. Wọ́n wọ́ Rótìmí padà sí yàrá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì wá ọ̀rọ̀ dídùn.

"Olúwa, mo lù wọ́n. Kò sí ẹni tó ṣubú. Èmi ni mo ṣẹ́ Mọ́pẹ́ lọ́wọ́. Èmi ni mo la Lérè lórí. Mo pe ara mi ní ọba, apànìyàn ni mí. Jésù, o gba lílù tó tọ́ sí mi. Ṣàánú mi. Wá jọba, mo ti sọ̀kalẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹ ó rò pé áńgẹ́lì ló kàn. Zion ló kàn.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọba."

"Èmi ni ọba níbí."

Rótìmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Rárá. Ìwọ kọ́, èmi náà kọ́."

Ìpàkọ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ Zion bà. Ó lù ú, ó lù ú, Rótìmí kò sì gbé ọwọ́ sókè, bẹ́ẹ̀ apá rẹ̀ ṣì nípọn bí ọmọ odó. Ọ̀gá wọ́dà sáré wọlé, ó bèèrè bíi ti ìjọ́sí. "Kí ló ṣe ọ́?"

Rótìmí tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. "Zion ni ó lù mí. Òun náà ló lù mí níjọ́sí. Mo purọ́ fún yín nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máà bínú."

Ọ̀kan lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n gbé ojú kúrò nílẹ̀. Ó ní, "Ó lu èmi náà." Òmíràn tún ní, "Àti èmi." Wọ́n mú Zion lọ sí ibòmíràn kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé. Lọ́sàn-án náà, gbogbo wọn jẹun.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Àwọn ará Ìgbólékè kún kóòtù fọ́fọ́, Doyinsọ́lá jókòó síwájú, ètè rẹ̀ ń ka ohun tó fẹ́ búra lé lórí. Mọ́pẹ́ jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí Rótìmí lọ sílé: kí ó ní òun kò jẹ̀bi, kí àwọn tó kù sì parí rẹ̀. Olivia fún un ní àmì kó dìde.

Adájọ́ bi í léèrè. Rótìmí wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn èèyàn rẹ̀ tó fẹ́ fi ẹnu wọn rà á padà.

"Mo jẹ̀bi," ni ó wí.

Olivia fà á láṣọ. Doyinsọ́lá fò sókè, ó ké ní Yorùbá, "Kábíyèsí, ẹ dákẹ́! Ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

"Doyin, jókòó. Má búra. Ọlọ́run kò ní fẹ́ kí o bá mi kú." Ó yíjú sí adájọ́. "Lérè kò gbé ìgò. Èmi ni mo fi irin lù ú. Ọwọ́ ìyàwó mi tó kán, èmi ni mo ṣẹ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni kò bi mí, mo ń sọ ọ́ ni."

Ariwo ta. Àwọn tó wá gbà á là bẹ̀rẹ̀ sí ṣépè fún un pé ó dójú ti ìlú. Ọkùnrin kan bọ́ bàtà sọ lù ú, bàtà ba lọ́yà. Adájọ́ lu tábìlì títí wọ́n fi dákẹ́, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọlọ́jọ́ pípẹ́.

Bí wọ́n ti ń mú un kọjá lọ́nà ẹ̀yìn, Mọ́pẹ́ dìde. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. N kò ní padà sílé yẹn o."

"Má padà," ni Rótìmí wí. "O ṣe ohun tó tọ́."

Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà bí mo ti ń kọ èyí. Lérè ń lọ wò ó. Ó ní ọkùnrin náà ti sanra, ó ń fi ẹnu tí kò léyín kọrin, kò sì sí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́.

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání ńkọ́? Bóyá o kò lu ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni páìpù tìrẹ, tàbí ipò tí o wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá ilé rẹ wà ní Cinco Ranch, àdúgbò àwọn olówó, ó mọ́ nigín-nigín, ṣùgbọ́n bí ìró mọ́tò rẹ bá ti dún níta, ọmọ rẹ a pa tẹlifíṣọ̀n, a sì sá gun òkè. O mọ ẹni tí ò ń jẹ́. Àwọn tó ń bá ọ bò ó kò ní lè bá ọ débi ìdájọ́ Ọlọ́run. Kò sí ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí èké níbẹ̀.

Tàbí ìwọ ni wọ́n ń lù, tí o ń fi orúkọ Ọlọ́run bo ẹni tó ń lù ọ́. Ọlọ́run kò rán ọ níṣẹ́ yẹn. Sọ òtítọ́, kí o sì sá wá sọ́dọ̀ Ẹni tí wọ́n lù rí. Ó mọ bó ṣe ń rí.

Má sọ pé ó di Sunday. Ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré nínú iṣan rẹ kò bá ọ ṣe àdéhùn Sunday. Bí o bá ń ka èyí nínú ọkọ̀ lórí freeway, àní bí ìwọ lo ń wakọ̀, ojú ò tì ọ́! Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ná, kí o tan iná tí ń ṣẹ́jú. Ó dáa. O ti dúró? Jẹ́ kí wọ́n máa fun fèrè lẹ́yìn rẹ. Di ojú rẹ, kí o sì sọ ọ́ sókè fún Jésù, kí etí ara rẹ gbọ́ ọ: "Mo jẹ̀bi. Gbà mí."